Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Mi Ò Fi Lọ Sílé Búrẹ́dì Mùfú

Mo gbọ́ bí fóònù gbogbo yín ṣe ké lẹ́ẹ̀kan náà lọ́sàn-án yìí. Ibi wíndò ni mo wà, mò ń wo òde Cranston yìí. Yìnyín ń bọ̀, fóònù ti sọ fún yín. Kálukú yín jáde, ẹ wa mọ́tò yín wọ garage, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ilẹ̀kùn sì wálẹ̀. Ó parí. Yìnyín dé, ó lu òrùlé bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn ẹnìkejì. Mo bi Tóbi, ọmọ ọmọ mi, pé ta ló lọ wo ilé tó kángun sí tiwa, torí àwọn onílé ò sí nílé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Grandpa, they have cameras. And insurance."

Mi ò bá a wí. Ìgbà ò lọ bí òréré, bí a ṣe ń gbé láyé àná kọ́ la ń gbé lónìí. Àmọ́ ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ. Tíì mi ṣì gbóná, ọ̀rọ̀ kan sì wà lọ́fun mi tó ti pẹ́ níbẹ̀.

Taradale là ń gbé nígbà tí a dé ìlú Calgary yìí, lápá ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún. Ilé mọ́kànlá ni àwa Yorùbá, àwọn kan lókè, àwọn kan ní basement. Mùsùlùmí wà, Kìrìsìtẹ́nì wà. Tí Iléyá bá dé, gbogbo wa là ń jẹ ẹran. Tí Kérésì bá dé, gbogbo wa là ń jẹ ìrẹsì. Ọdún kan wà tí snow rọ̀ lọ́sẹ̀ Iléyá gan-an, tí a ń pín ẹran láti ilé dé ilé tí ọ̀rá tí a dì í sí ń le gbagidi lọ́wọ́ wa. Ìyá Fúnmi, ìyàwó mi, ìyá yín àgbà tó ti lọ sinmi, ló ní ìlú yìí nìkan lòun ti rí i tí ẹran Iléyá ò nílò fíríìjì.

Nígbà náà, a ní ọjọ́ kan tí à ń pè ní Sátidé Ilé-sí-Ilé. Bí ewé bá ti pọ́n lórí igi, tí òtútù àkọ́kọ́ sì ti gan koríko lójú, a óò mú Sátidé kan, gbogbo wa óò sì máa wọlé ara wa lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Ẹnìkan á yọ hose kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ omi tó wà níta, torí omi tó bá kù síbẹ̀ á dì, á sì bẹ́ páìpù nínú ògiri láìjẹ́ kí onílé mọ̀. Ẹnìkan á gun àkàbà lọ kó ewé kúrò nínú gọ́tà òrùlé. Ẹnìkan á pààrọ̀ fíltà furnace, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Àwọn obìnrin á na ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo wíndò, wọ́n á fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ títí tí yóò fi le bí awọ ìlù. Ariwo ọjọ́ náà ṣì wà létí mi. Tí a bá tẹ smoke alarm wò, tó bá ké fììì, àwọn ọmọ á fọwọ́ dí etí, wọ́n á máa jó káàkiri pálọ̀. Ọmọdé kankan ò sì ní jẹ́ kí a fo ilé tirẹ̀, wọ́n á ní, "Our house too! Test our own!" Oúnjẹ ń tẹ̀ lé wa láti ilé dé ilé: àkàrà nílé kìíní, ẹ̀kọ nílé kejì, iṣu àti ata díndín nílé kẹta. Nígbà tí a bá máa fi dé ilé kọkànlá, apá àgbà ò ká àkàbà mọ́, ikùn ló kù tó ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù. A ò lówó, ṣùgbọ́n òtútù ò bá wa lójijì.

Ti yìnyín ìgbà ẹ̀rùn ńkọ́? Èmi ni fóònù wọn nígbà náà. Ilé iṣẹ́ epo ni mo ti ń ya àwòrán páìpù, ní downtown, ní àjà kejìlélógún. Wíndò mi kọjú sí òkè ńláńlá ìwọ̀-oòrùn. Tí mo bá ti rí i tí ojú ọ̀run dúdú lórí àwọn òkè yẹn, tó sì ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú, màá pe Mùfú. Mùfú á pe ẹni méjì, ẹni méjì á pe mẹ́rin, kí yìnyín tó dé Taradale, gbogbo mọ́tò ti wọ kúbùsù. Ọkùnrin kan lára wa wà tó fi ìtara gbé bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà jáde, tó fi bo mọ́tò. Yìnyín ò fọwọ́ kan mọ́tò náà, ṣùgbọ́n ìyàwó ò bá a sọ̀rọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, orí kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ń sùn.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Mùfú tí mo dárúkọ yìí, Mùfútáù ni wọ́n sọ ọ́, ọmọ Ìsẹ́yìn. Mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ, kò sì fi orúkọ pè mí rí. Ó ní ilé búrẹ́dì kan ní Foothills Industrial, láàárín àwọn wáyáhaùsì. Búrẹ́dì tiwa ló ń ṣe, èyí tó wúwo, tó dùn díẹ̀, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ á rọra padà sókè. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Bàsírà, ló ń po fùláwà kí ilẹ̀ tó mọ́. Basement ni wọ́n ń rẹ́ǹtì. Ilé búrẹ́dì yẹn ni gbogbo ohun tí wọ́n ní láyé. Ó máa ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, Bàsírà máa ka ìwé dókítà, orí oven yìí ni ọ̀nà ibẹ̀ gbà."

Ìgbà náà ni owó epo rọ̀bì já wálẹ̀.

Ẹ̀yin ò mọ bí ìlú ṣe ń dákẹ́. Ọ̀pọ̀ wíndò lára àwọn ilé gíga downtown ṣókùnkùn. Mọ́tò akẹ́rù tó ń gbé ẹrù ilé pọ̀ ní Taradale ju bọ́ọ̀sì ilé-ìwé lọ. Nínú ilé mọ́kànlá, mẹ́ta kó lọ sí Ontario, ọ̀kan padà sí Lagos. Ọdún yẹn, ilé méje péré la yẹ̀ wò ní Sátidé Ilé-sí-Ilé, iṣẹ́ sì ti tán kí ọ̀sán tó pọ́n.

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èmi náà. Wọ́n pe àwa mọ́kànlélógún wọ yàrá kan, wọ́n fún kálukú ní páálí láti kó ẹrù rẹ̀ sí. Mo wo wíndò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, mo jáde. Ẹ̀yin ọmọ, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni àyàfi ìyàwó mi. Èmi tí wọ́n ń pè ní ẹ̀gbọ́n, tí mò ń gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú bí wọ́n ṣe ń wáṣẹ́! Ikú yá ju ẹ̀sín, ohun tí mò ń wí nínú ara mi nìyẹn. Ní gbogbo àárọ̀ mo ń de táì, mo ń wọ train lọ sí downtown, mo ń jókòó sí library títí di aago mẹ́rin.

Ìyá Fúnmi ní, "Bàbá Fúnmi, ẹ sọ fún wọn. Mùfú kì í ṣe ọ̀tá."

Mo ní, "Màá sọ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ríṣẹ́ mìíràn ná."

Oṣù mẹ́rin kọjá. Nínú oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyá Mùfú kú ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n ti sin ín lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn, ṣùgbọ́n ó fẹ́ lọ fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Òun, ìyàwó àti ọmọ, ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti ilé búrẹ́dì pa, ó gbé kọ́kọ́rọ́ wá fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n, insurance sọ pé tí a bá ti ibẹ̀ pa nígbà òtútù, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wọlé wò ó lójoojúmọ́. Tí kò bá sẹ́ni tó ń wò ó, tí páìpù bẹ́, wọn ò ní dá wa lóhùn. Mo ti lẹ ìwé kan mọ́ ògiri. Tí ẹ bá ti wò ó tán, ẹ kọ ọjọ́, ẹ fọwọ́ sí i."

Mo ní, "Máa lọ ṣe àdúrà ìyá ẹ. Fi ọkàn balẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́, mi ò pa ọjọ́ kan jẹ. Kí n má parọ́ fún yín, inú mi dùn síbẹ̀. Mi ò de táì mọ́. Màá wọlé, màá fọwọ́ kan hítà bóyá ó gbóná, màá ṣí ẹ̀rọ omi díẹ̀ kó máa kán tó, tó, tó, torí omi tó ń rìn kì í tètè dì. Màá jókòó sórí àpò fùláwà, màá ka ìwé ìròyìn. Òórùn ìwúkàrà kún ibẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́rin, mo ní ibì kan tí mò ń lọ.

Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n pè mí láti ibi kan. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta wà níbùdó epo kan lápá àríwá, kí n wá ka àwọn ẹ̀yà páìpù tí wọ́n fẹ́ tà. Bóyá yóò sì di iṣẹ́ gidi. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mọ́tò wọn máa gbéra.

Ìdílé mẹ́ta ṣì wà ní Taradale tí mo lè fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n á bi mí pé, ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ń lọ? Kí ni màá wí? Pé mò ń lọ ka irin? Mo yọjú síta. Chinook ti dé, atẹ́gùn gbígbóná tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè láàárín òtútù. Snow ń yọ́, omi ń ṣàn lójú títì, àwọn ènìyàn ń rìn láìwọ kóòtù. Mo wí nínú ara mi pé ojú ọjọ́ báyìí ò lè ṣe páìpù ní nǹkan kan. Mo lọ. Ọjọ́ tí mo kúrò ní ilé búrẹ́dì kẹ́yìn, mo tiẹ̀ ti ẹ̀rọ omi pa, torí ooru yẹn.

Chinook kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kejì tí mo débùdó ló yí padà. Òtútù ìwọ̀n ọgbọ̀n nísàlẹ̀ òdo bọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tì. Mo wà nínú wáyáhaùsì lápá àríwá, mo ń ka irin, ọwọ́ mi ń kú, ọkàn mi ò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹrin ni mo padà. Kí n tó dé ẹnu ilẹ̀kùn Mùfú, mo ti rí i. Yìnyín ti ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó funfun, ó ń dán. Ilẹ̀kùn ò ṣí, mo fi èjìká tì í. Hítà ti kú. Páìpù òkè ti bẹ́, omi ti tú sórí oven, sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po fùláwà, sórí àwọn àpò. Àjà ti já wálẹ̀ lápá kan. Àwọn àpò fùláwà tí mò ń jókòó lé ti gan mọ́lẹ̀. Mo dúró sáàárín rẹ̀, èémí mi ń yọ bí èéfín.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ohun tó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mo lọ síbi ìwé tó wà lára ògiri, omi ò dé ibẹ̀. Mo yọ bírò. Mo kọ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mi ò wá, mo sì fọwọ́ sí i.

Mùfú pè láti Ìsẹ́yìn. Mo gbọ́ ohùn àwọn aáfà lẹ́yìn rẹ̀. Mo sọ fún un. Ó ní, "Àlùhámúdù lílàí. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń wá lójoojúmọ́?"

Mo ní, "Mo ń wá."

"Kò burú nígbà náà. Insurance á tún un ṣe. Ẹ má da ara yín láàmú."

Ó ń rẹ̀ mí lẹ́kún, ẹ̀yin ọmọ. Òun tí ìyá rẹ̀ kú, tí ọrọ̀ rẹ̀ run.

Nígbà tó dé, insurance rán obìnrin kan wá. Kì í ṣe ènìyàn burúkú; ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Àwa mẹ́ta dúró nínú ilé búrẹ́dì pẹ̀lú bàtà òjò. Ó ka ìwé ara ògiri, ó bi Mùfú bóyá ó dá a lójú pé ẹnìkan wọlé lójoojúmọ́. Mùfú na ọwọ́ sí mi. Ó sọ fún un lédè òyìnbó pé, "This is my elder brother. If he says he came, he came. I can swear it."

Obìnrin náà ò bá a jiyàn. Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí wa. Alarm ẹnu ilẹ̀kùn ń kọ gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀. Mi ò mọ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú wákàtí wọn. Lẹ́yìn náà ọjọ́ mẹ́ta, òfìfo.

Mùfú ka á lẹ́ẹ̀kan, ó ka á lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n?"

Ilẹ̀ ni mò ń wò. Ogún ọdún tí irọ́ ti ń lọ, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi ò tiẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Insurance ò san án. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ò wò ó nìkan. Wọ́n ní ìwé èké wà níbẹ̀, orúkọ Mùfú ló sì wà lórí ẹ̀sùn náà. Ọkùnrin tí kì í gbàgbé láti dá ṣéńjì kọ́bọ̀ padà.

Mo lọ bá wọn nínú basement wọn lọ́jọ́ kejì. Mo dọ̀bálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àbúrò mi, agbádá mi gbá ẹsẹ̀ tábìlì. Ó sáré gbé mi dìde.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fi èèwọ̀ kún un."

Mo wá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: iṣẹ́ tó bọ́, library, ibùdó àríwá. Ìyá Bàsírà jókòó sórí àga kan, ó ń ká aṣọ ọmọ rẹ̀. Kò gbójú sókè nígbà tó sọ̀rọ̀.

"A mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ yín, sà. Oṣù kọkànlá ni mo mú Bàsírà lọ sí library. A rí yín, ẹ ti sùn lórí tábìlì pẹ̀lú táì lọ́rùn. Mo ní kí Bàsírà má pè yín, kójú má bàa tì yín."

Mo yíjú sí Mùfú. Ó ń fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀.

"Gbogbo Taradale ló mọ̀," ó ní. "A ń dúró kí ẹ sọ ọ́ fúnra yín ni. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rò pé mi ò rẹ́lòmíràn fún ní kọ́kọ́rọ́? Mo kàn fẹ́ kí ẹ ní ibi tí ẹ ó máa lọ láàárọ̀."

Ẹ wò ó, mo ti gbọ́ òkú nínú ayé mi. Mo ti sin bàbá, mo ti sin ìyá, mo ti sin ìyá yín àgbà. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára bí ọ̀rọ̀ yẹn.

Wọ́n kó lọ sí ìlú Regina kí snow tó yọ́ tán. Ẹnìkan ní Mùfú ń wa ọkọ̀ akẹ́rù níbẹ̀. Ní ọdún yẹn, kò sẹ́ni tó dárúkọ Sátidé Ilé-sí-Ilé. Mi ò mọ̀ bóyá nítorí mi ni, mi ò sì ní ẹnu láti bi ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí ìdílé kan lára wa rìnrìn àjò ní Kérésì, kámẹ́rà ni wọ́n rà sẹ́nu ọ̀nà. Ọdún kejì, gbogbo ilé tó kù ló ní kámẹ́rà. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn. Wọ́n rí mi, wọn ò sọ. Mo rí wọn, mi ò sọ. Ojú ń ro ojú, gbogbo wa sì pàdánù.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa pààrọ̀ fíltà, ẹ máa yọ hose, ẹ ka ìwé insurance yín títí dé ìlà ìkẹyìn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín, kó sọ ọ́ kó tó di àṣálẹ́ ọjọ́ náà. Tí ẹ bá sì rí ẹni tó ń fi táì sùn ní library, ẹ jí i, ẹ jẹ́ kójú tì í. Ojú tó tì ni á là.

Lọ́dún tó kọjá, Fúnmi gbọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní hospital pé Mùfú ti kú. Ó ti tó oṣù kan kí ọ̀rọ̀ náà tó kàn wá. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Regina. Bàsírà ló ṣí ilẹ̀kùn, ó ti dàgbà, ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì. Kò dá mi mọ̀. Ìyá rẹ̀ jáde wá, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó fún mi ní àga, ó gbé omi tútù wá. Mo kí i kú ọ̀fọ̀. Ó ní Ọlọ́run á máa bá wa dá ẹ̀mí sí. Obìnrin mẹ́ta tó wá kí i jókòó síbẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn rọra bi í pé, "Bàbá yìí ńkọ́, ẹ̀gbọ́n Alhaji ni?"

Ó wò mí díẹ̀. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀.

Ó ní, "Rárá o. Ará àdúgbò wa ni wọ́n, nígbà tí a wà ní Calgary."

Mo mu omi náà tán, mo dúpẹ́, mo sì jáde lọ dúró de bọ́ọ̀sì.